Àdín tí Málọmọ́ dà sí Fákẹ́yẹ létí

Bí ẹ bá rí Fákẹ́yẹ lójú ọ̀nà Massè, nílẹ̀ Dàhòmè, láyé ọjọ́un, tó ń fọwọ́ wá ògiri lọ́sàn-án gangan, ẹ ó ní ẹmu ti pa á. Àwọn ọmọdé a tò sẹ́yìn rẹ̀, wọn a máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. “Bọ̀ọ̀dá, apá ibí ni ilẹ̀ wà o!” Ọmọ adẹ́mu ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fẹnu kan ẹmu. Bààlúù ló fi já láti òkè.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ bààlúù ni.

Àlàgbé bàbá rẹ̀ ní òfin méjì tí kì í yẹ̀. Èkíní: ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe kò gbọdọ̀ kó sínú igbà gun ọ̀pẹ. Bí imú bá ti dí, orí á fò lọ, ilẹ̀ á máa pe èèyàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni Àlàgbé máa ń jókòó sílé tí imú rẹ̀ bá ń ṣàn, kí Málọmọ́ ìyàwó rẹ̀ máa bú u ní ọ̀lẹ. Èkejì: tí o bá wà lókè, má fojú wá nǹkan kan, ohun tí ara rẹ bá sọ ni kí o gbà gbọ́. Fákẹ́yẹ gbọ́ méjèèjì yé.

Ilé ìwé ló gbé e kúrò ní Massè. Ìgbà tí Dàhòmè gba òmìnira, wọ́n mú un lọ sí Faransé láti kọ́ bààlúù wíwà. Níbẹ̀, wọ́n gbé e sórí àga kan tó ń yí, wọ́n dì í lójú, wọ́n ní kó máa fọwọ́ júwe ibi tó ń yí sí. Àga dúró pátápátá, Fákẹ́yẹ ṣì ń júwe pé ó ń yí padà sẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Olùkọ́ wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Omi kan wà nínú etí lọ́hùn-ún, òun ló ń sọ fún ọ bóyá o dúró tàbí o tẹ̀. Tí o bá wọ inú ìkùukùu, irọ́ ni yóò máa pa fún ọ. Aago iwájú rẹ, tó ń fi hàn bóyá bààlúù tẹ́jú tàbí ó tẹ̀, ni kí o gbà gbọ́. Bí ọ̀fìnkìn bá sì ń ṣe ọ́, má gòkè rárá, etí kan lè là kí èkejì dí, ayé á yí mọ́ ọ lójú.”

Ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn yẹn, bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́. Ti aago ni kò bá ti ilé mu.

Ọdún kẹfà òmìnira, ó ń wa bààlúù kékeré kan tó ń kó lẹ́tà láti Kútọnu lọ sí Pàràkú. Ó wá kí ìyá rẹ̀ lásìkò òjò, imú rẹ̀ dí, etí rẹ̀ dí. Àlàgbé ti kú nígbà náà. Kò sí ọmọ tí etí ń dùn ní Massè tí kì í bọ́ sọ́wọ́ Málọmọ́. Ó yọ́ àdín nínú ṣíbí, ó tọ́ ọ wò lẹ́yìn ọwọ́, ó mú ìyẹ́ adìyẹ.

“Àkàndé, fi orí lélẹ̀.” Oríkì rẹ̀ ló fi ń pè é.

“Ìyá, mo ti dàgbà jù ú lọ.”

“Ta ló ń bá ọ wí? Etí ni mo ń bá sọ̀rọ̀.” Ó kán an sí i, tọ̀tún tòsì. “Bàbá rẹ ì bá wà láàyè, kò ní jẹ́ kí o gòkè pẹ̀lú imú yìí.”

“Ọ̀pẹ kọ́ ni mo fẹ́ gùn, Ìyá.”

Lọ́jọ́ kejì tó padà dé Kútọnu, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ bi í bóyá ara le. Ó ní ó le. Kò fẹ́ kí wọ́n gbé bààlúù rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Félicien, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, jókòó tì í nínú bààlúù. “Ọ̀gá, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kó ẹ̀wà símú.” Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ láti Pàràkú, inú ìkùukùu ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Etí ọ̀tún là, pó! Ti òsì dí pa. Gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Aago ní bààlúù tẹ́jú. Ara Fákẹ́yẹ ní àwọn ń dojú dé sápá ọ̀tún.

“Ọ̀gá, aago! Ẹ wo aago!” Félicien ń pariwo.

Ara ni Fákẹ́yẹ tẹ̀ lé. Ó fa bààlúù sósì, ó tún fà á. Inú oko ọ̀pẹ ni wọ́n já sí, Félicien sì kú lójú ẹsẹ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní etí Fákẹ́yẹ ti bàjẹ́ lọ́hùn-ún, kò ní rìn gúnrégé mọ́. Àwọn tó ń wádìí ìjàǹbá náà bi í bóyá ọ̀fìnkìn ń ṣe é nígbà tó gòkè. Ó mọ̀ pé tóun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á pe òun ní apànìyàn. Ó ní, “Rárá. Ìyá mi ló da òróró sí mi létí.” Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ṣáájú rẹ̀ dé Massè.

Málọmọ́ ju ṣíbí nù. Nígbà tí Ìyábùnmi, aládùúgbò rẹ̀, gbé ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún wá, ó ní, “Gbé e lọ. Ọwọ́ mi ti pa ọmọ ọlọ́mọ.” Àwọn obìnrin ń sọ ọ́ létí kànga: “Ẹ má jẹ́ kó kán nǹkan sí yín létí o, ẹ ò ní rìn gúnrégé mọ́.” Málọmọ́ ló ń fa Fákẹ́yẹ lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí: “Àkàndé, forí jì mí.”

Kí ni ọmọ máa ń sọ? “Mo ti forí jì yín, Ìyá.”

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tí ikọ́ dá Málọmọ́ dùbúlẹ̀, tí oúnjẹ kò wọlé mọ́, Fákẹ́yẹ rí i pé ẹ̀bi yìí ni yóò gbé dé ọ̀dọ̀ bàbá òun. Ìyá náà tún la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́.

“Ìyá, àdín yín kọ́.”

“Kí lo wí?”

“Ọ̀fìnkìn ni. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi, mo sì gòkè. Wọ́n bi mí, mo pa irọ́ mọ́ yín.”

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ náà.”

“Gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń kúnlẹ̀...” Ikọ́ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Fákẹ́yẹ ti dọ̀bálẹ̀, kò wò ó. Málọmọ́ bi í pé, “Ìyá ọmọ tó kú yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ fún un?”

“Pé ìyá mi ni.”

“Obìnrin tí mi ò rí rí, ó ń fi orúkọ mi ṣépè. Lọ bá a.”

“Ara yín kò le, Ìyá, ẹ jẹ́ kí...”

“Mo ní o lọ!”

Ó wọkọ̀ ní Ikpinlè. Ní Àjàṣẹ́, ìyá Félicien kò fi ìjókòó lọ̀ ọ́. Fákẹ́yẹ di férémù ilẹ̀kùn mú, ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin náà bi í léèrè ohun kan péré.

“Ó pariwo fún ọ?”

“Ó pariwo, Ìyá.”

“O ò gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

Ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Fákẹ́yẹ padà dé Massè, wọ́n ti sin Málọmọ́ lánàá. Ìyábùnmi ló wà nílé, ó ń gbá iwájú ilé.

“Kò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi?”

“Ó bi wá bóyá o ti lọ,” ni Ìyábùnmi wí, kò dáwọ́ ilẹ̀ gbígbá dúró. “A ní o ti lọ. Kò tún béèrè nǹkan kan mọ́.”