Ọ̀gá Mi Ni Mo Kọ́kọ́ Ń Wò Sàn

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìkòròdú, àwa mẹ́ta la máa ń pàdé ní káfé lọ́sàn-án Sátidé láti gbá géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti ń bá àwọn ẹranko abàmì jagun. Èmi ni oníwòsàn. Ẹ̀yìn ni mo máa ń dúró sí. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì kan, ara gbogbo wa á dá. Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, ó sì bá mi lára mu gan-an.

Obìnrin kan láti ibi tí wọ́n ti ń di ọṣẹ ló máa ń wà níwájú, tó ń fi apata gba gbogbo ìyà. Alhaji, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló ń ta ọfà láti òkèèrè. Mo ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, Alhaji náà ló sì máa fọwọ́ sí ìwé tí yóò sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi.

Ṣàdédé ni àwọn tó ni géèmù yí òfin padà. Oníwòsàn ò lè wo gbogbo èèyàn pọ̀ mọ́: ẹnì kan ni, á sì sinmi díẹ̀ kó tó wo ẹlòmíì. Ẹ máa rò pé ẹni tó ń kú lọ ni kéèyàn kọ́kọ́ wò. Èmi tí wọ́n tọ́ dáadáa, tí màmá mi kì í bu oúnjẹ ẹnikẹ́ni kó tó bu ti bàbá mi? Bí ẹ̀fọn bá jẹ Alhaji, mo ti wò ó sàn. Obìnrin wa á sì ṣubú níwájú.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà sọ ọ́ sí mi létí: "Ìwé ẹ lò ń tọ́jú, kì í ṣe èmi. Tí mo bá tún kú lónìí, mo lọ nìyẹn o."

Inú bí mi, torí pé òótọ́ ló sọ.

Ejò ńlá kan la bá pàdé lọ́jọ́ náà. Ó bu Alhaji jẹ, Alhaji figbe ta lórí àga: "Wò mí, wò mí, mo ń kú o!" Obìnrin náà ń kú lọ níwájú. Mo wo obìnrin náà sàn. Alhaji ṣubú lulẹ̀ tòun tọfà.

A pa ejò náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yọ̀. Alhaji dé fìlà rẹ̀, ó ní òun ń lọ kírun, ó sì jáde.

Ó ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti dọ̀bálẹ̀.

"Látìgbà tí mo ti di ọ̀gá níbí," ó ní, "kò sẹ́ni tó jẹ́ kí ìyà kankan jẹ mí rí. Mo ti rò pé mo mọ ogun jà ni. Àṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé mi ró."

Ó ti ìwé mi sí mi lórí tábìlì. Ó ti fọwọ́ sí i.

"Ṣùgbọ́n bó o bá tún fẹ́ jẹ́ kí n kú, tètè sọ fún mi, kí n ráyè ṣe kálímà kí ẹ̀mí tó bọ́."