Fídíò Tí Mi Ò Wò Tán

Mo ní ìlara. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Kì í ṣe pé mò ń jowú gbogbo ayé o. Ẹni tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, mo bá a yọ̀ dénú. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ra mọ́tò fún, mo wọ mọ́tò náà, mo sì dúpẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń jowú láyé mi, òun náà sì ni ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ mi jù.

Èkejì ni mò ń pè é, Èkejì ni òun náà ń pè mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi wá sórí àga kan náà nílé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n ní Ìwó ni orúkọ náà ti mọ́ wa lẹ́nu. A jọ dàgbà, a jọ di olùkọ́, ilé ẹ̀kọ́ kan náà la ti ń kọ́ni, ìjọ Onítẹ̀bọmi kan náà la ń lọ. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì tẹ̀ wá bọmi.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ìtẹ̀bọmi yẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wá. Nínú ìjọ wa, a kì í wọ́n omi síni lórí, odindi ènìyàn là ń rì. Wọ́n ti ṣí pákó orí pẹpẹ, wọ́n ti pọn omi kún ihò sìmẹ́ńtì tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé, omi náà sì tutù bíi ti inú àmù. Àwa méjèèjì dúró létí àtẹ̀gùn nínú aṣọ funfun. Ó ń gbọ̀n. Ó ní, "Èkejì mi, di ọwọ́ mi mú." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí Pásítọ̀ fi gbà á lọ́wọ́ mi. Bí Pásítọ̀ ṣe ní kí òun tẹ̀ ẹ́ rì báyìí, ó gbá ẹ̀wù bàbá náà mú, àwọn méjèèjì bá jọ rì. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín débi pé àwọn akọrin ò lè kọrin mọ́. Nígbà tó kàn mí, mo wọlé bíi pẹ́pẹ́yẹ, mo jáde bíi pẹ́pẹ́yẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti jẹ́ pé èmi lomi kì í bà lẹ́rù, òun ni ojo. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń sọ ìtàn yẹn níbi gbogbo, níṣojú rẹ̀, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó wá kù díẹ̀ kó pé ẹni àádọ́ta ọdún, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà pè é, ó ní òun máa mú un lọ sinmi ní Sánsíbà. Ó sáré wá sọ fún mi lábẹ́ igi máńgòrò tí a ti máa ń jẹun ọ̀sán nílé ẹ̀kọ́.

"Ibo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Erékùṣù ni. Òkun ló yí i ká. Ó ní a máa wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa fún wa ní nǹkan mímu, a ó wá bọ́ sómi lọ wo ẹja. Wọn kì í gba ọmọdé nínú ọkọ̀ náà, àgbàlagbà nìkan."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tó o fẹ́ pa Pásítọ̀ sínú omi tí kò dé àyà?"

"Èkejì, ọmọ ti ṣètò rẹ̀ tán. Kí ni kí n wá ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé. Nígbà tí mo délé ni ẹ̀rín náà tán. Kí ló dé tí kì í ṣe èmi? Èmi tí mo fẹ́ràn omi. Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́rin, tí kò sí ọ̀kan tó ń rántí ọjọ́ ìbí mi àfi tí mo bá kọ́kọ́ pè wọ́n. Ìyẹn nìkan kọ́. Oṣù tó ṣáájú, ìjọ dìbò yan díákónì. Wọ́n pe orúkọ àwa méjèèjì, òun ni wọ́n mú. Tó bá ti ìrìn àjò náà dé ni wọ́n máa gbé ọwọ́ lé e lórí níwájú ìjọ. Mo ti jó sí ìyẹn ná, orúnkún sì dùn mí fún ọjọ́ méjì.

Èkejì ò ní àpótí tó dáa. Èmi ni mo yá a ní tèmi, aláwọ̀ búlúù tó ní táyà, tí mo rà sílẹ̀ nítorí mo rò pé èmi náà á rìnrìn àjò lọ́jọ́ kan. Kò kọjá Òṣogbo rí. Báyìí ni àpótí mi ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú kí èmi tó wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kẹrin tó dé ọ̀hún ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Mo wà ní oko wa ní Olúpọ̀nnà, èmi àti ọkọ mi ń bó pákí tí a fẹ́ fi ṣe gàrí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò dáa, ó di ìgbà tí mo gun orí ebè tó ga jù kó tó gbé e wọlé. Mo nu ọwọ́ mọ́ ìró, mo tẹ̀ ẹ́.

Omi ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ̀ pé omi lè ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi tí mo mọ̀, bí kò bá pọ́n, á dúdú. Èyí mọ́ débi pé mò ń rí òjìji ọkọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí iyanrìn. Àwọn èèyàn ń jó nínú ọkọ̀, àwọn obìnrin tó dàgbà jù wá lọ pàápàá, kálukú pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ni Èkejì bá yọ láti inú omi, ó ń gun àtẹ̀gùn irin bọ̀. Ó wọ ẹ̀wù pupa tó ń múni léfòó, gọ́gù ńlá bo ojú àti imú rẹ̀, ọ̀pá róbà tí wọ́n fi ń mí lábẹ́ omi yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó bọ́ gọ́gù náà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún méje. Ẹnì kan na ife sí i, wọ́n fi ègé ọ̀pẹ̀ òyìnbó há etí ife náà. Ó gbà á, ó mu ún, ó dijú.

Ibẹ̀ ni mo ti pa á. Ọkọ mi ò gbójú sókè, ó ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní kò sẹ́nì kankan.

Inú ń bí mi. Ó dùn mí pé ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí jù pé kò bẹ̀rù omi mọ́, torí ohun kan ṣoṣo tí mo fi jù ú lọ nìyẹn. Mo dá a lóhùn pé, "Ó dára gan-an, Èkejì mi, máa gbádùn," mo fi àwòrán àtẹ́wọ́ mẹ́ta tẹ̀lé e. Ó kọ ọ́ padà pé, "Kí lo wá sọ sí i?" Mo rò pé ìyìn ló tún ń wá. Mi ò fèsì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti wo fídíò yẹn bí ìgbà mẹ́wàá, tó bá sì ti dé ibi ife, màá pa á. Ara mi ò gba ohun tó kọjá ibẹ̀.

Nínú ìjọ wa, a kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àdúrà là ń mú wá. Tó o bá fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ pé ọmọ lágbájá ti lóyún, wàá ní kí wọ́n fi àdúrà ràn án lọ́wọ́, wàá sì mi orí. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí. Èmi ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Obìnrin. Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dúró de Màmá tó jẹ́ ààrẹ wa, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga wọn.

"Màmá, mo ní ọ̀rọ̀ àdúrà kan. Ó wúwo lọ́kàn mi."

Wọ́n gbé awò ojú wọn sójú. Mo fi fídíò náà hàn wọ́n, mo sì dá a dúró níbi ife.

"Ṣé ọtí nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ìdí tí mo fi ní ká gbàdúrà nìyẹn."

Màmá fajú ro. Wọ́n ní, "Díákónì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn! Fi ránṣẹ́ sí mi, kí n lè rí ohun tí mò ń gbàdúrà lé lórí." Mo fi ránṣẹ́. 

Ọjọ́ Ẹtì ni Èkejì dé. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pè é sí ọ́fíìsì Pásítọ̀. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, díákónì mẹ́ta, Màmá, àti èmi tí mo máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Nígbà tó wọlé tó rí mi, ó ṣẹ́jú sí mi. Ó rò pé nítorí ìgbọ́wọ́lé ni wọ́n ṣe pe òun.

Pásítọ̀ fi fídíò hàn án lórí fóònù tirẹ̀, ó dá a dúró níbi tí èmi àti Màmá ti dá a dúró. "Kí ló wà nínú ife yìí?"

Ó wo fóònù. Ó wò mí. Ó tún wo fóònù, ó pẹ́.

"Ọtí ni, sà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, mo rò pé oje èso ni. Nígbà tí mo fi máa mọ̀ pé ọtí ni, ó ti dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo mu ún tán."

Díákónì kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Pásítọ̀ ní ó dáa bí kò ṣe purọ́.

"Kí ni mo fẹ́ purọ́ sí, sà? Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀."

Pásítọ̀ tẹ̀ ẹ́. Èkejì inú fóònù lajú, ó nu ẹnu, ó kọjú sí wa. "Èkejì mi! Wò mí, mi ò kú o! Omi yìí, ìwọ ló yẹ kó o wà nínú ẹ̀. Bí mo ṣe ń wo ẹja lábẹ́ omi ni mò ń rántí ẹ. Mo ti bá ọmọ mi sọ ọ́, ó sì ti gbà. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwa méjèèjì la jọ ń bọ̀. Lọ gba páásípọ́ọ̀tù ẹ. Ṣó o gbọ́?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Èkejì nínú yàrá yẹn. Màmá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún. Pásítọ̀ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀: oṣù mẹ́fà lábẹ́ ìbáwí ìjọ, kò ní jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kò sì sí ìgbọ́wọ́lé mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Mo wo ìwé náà láìpẹ́ yìí, ìlà rẹ̀ gún régé.

Mo bá a níta, ó ń dúró de kẹ̀kẹ́.

"Ṣé o wò ó tán?" Ohun tó bi mí nìyẹn.

Mo ní, "Rárá."

Ó mi orí, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kadà kan gbé àpótí mi wá. Wọ́n ti nu eruku kúrò lára táyà rẹ̀. Gọ́gù tuntun kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá róbà rẹ̀, nínú ọ̀rá tí ẹnì kankan ò tíì já. Kò sí ìwé kankan pẹ̀lú rẹ̀.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fà mí dìde, ó ní òun ti dárí jì mí, ó bu omi fún mi mu. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ wá o, mà." Èmi ni ó ń pè ní mà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń kí mi títí di òní, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nílé ẹ̀kọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Mo gba páásípọ́ọ̀tù náà. Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo rò pé ọdún á yí po, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Ìsinmi gígùn dé, fóònù mi dákẹ́. Màá gbé e, màá wò ó, màá gbé e sílẹ̀. Èmi tí mi ò lè wo ìdùnnú rẹ̀ kọjá ibi ife, mo wá ń wá a kiri bí ẹni tí ebi ń pa.

Orí sítátọ́ọ̀sì Wáàsáàpù obìnrin kan tó ń kọ́ ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ wa ni mo ti rí i níkẹyìn. Obìnrin náà kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, kò tíì lò ju ọdún mẹ́ta lọ pẹ̀lú wa. Omi yẹn kan náà ni, àti àtẹ̀gùn irin yẹn. Obìnrin náà ti wà nínú omi, òun ló ń ya fídíò, Èkejì sì dúró lókè nínú ẹ̀wù pupa. Ẹnì kan gbé ife kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò pa á. Mo wo eléyìí tán. Èkejì wo omi, ojo rẹ̀ àtijọ́ tún dé, mo mọ ojú yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀ sí obìnrin olùkọ́ ìṣirò, ó ní, "Èkejì mi, di ọwọ́ mi mú."