Ọdún Mẹ́rin Láìfọwọ́ Kan Bọ́ọ̀lù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo àṣìṣe inú ìwé yìí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọwọ́ mi kò sì yá sí àkọsílẹ̀.

Ọwọ́ bàbá aládùúgbò wa wúwo léjìká mi. Ẹnu géètì ọsibítù kan ní Àkúrẹ́ la wà láàárọ̀ kùtù, òórùn róòbù àti àkàrà gbígbóná ń fẹ́ sí wa nímú. Àwọn dókítà ojú wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, káàdì wọn kò sì pọ̀. Awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Lọ́dún yẹn tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, bí a kò bá rí káàdì gbà, ó di afọ́jú nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Oǹdó ló ń gbé. Nígbà èwe rẹ̀, ó wọkọ̀ ojú omi lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì bá wọn gbá irú bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, tí wọ́n ń gbé sá. Ìlà iwájú ni wọ́n fi í sí. Fìlà awọ nìkan ló bo orí wọn. Ibẹ̀ ni imú rẹ̀ ti yà sápá kan, tí ìka rẹ̀ mẹ́ta sì wọ́, kó tó padà wálé wá ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá ń bá a kó kòkó tó sá nílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á kan ìkúùkù mọ́lẹ̀, á fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń dúró.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ gbé e wọlé, Bàbá?"

"Ọdún mẹ́rin, n kò fọwọ́ kàn án rí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n lànà fún ẹni tó gbé e."

Àwọn àgbà nìkan ló kún ẹnu géètì náà, ìyẹn ló sì dá wàhálà sílẹ̀. A kì í ṣáájú àgbà, ṣùgbọ́n ta wá ni àgbà?

"Èmi ni mo ṣáájú yín dáyé," ni bàbá kan tó ń tẹ̀pá wí.

"Ìwọ? Ìgbà tí mo wọlé ọkọ, ọmú lò ń mu," ni ìyá kan dá a lóhùn.

Bàbá tèmi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọjá." Ó yà fún un. Ó yà fún ìyá náà. Ó yà fún àwọn méjì mìíràn. Mo gbọ́ tí ẹni tó ń pín káàdì ní ó ku ẹyọ kan.

Màmá kan tó da aṣọ aláró borùn sún mọ́ wa. "Àbúrò, ẹ jẹ́ n kọjá." Bàbá tún ti fẹ́ yà.

Èmi tí n kì í lè wojú àlejò, mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo kan ìkúùkù mọ́lẹ̀.

"Ta ló bí èyí?" ni màmá náà wí. "Ṣé o fẹ́ kàn mí bí àgbò ni?"

"Ẹ má bínú, mà. N kò lè yà."

N kò tì í. N kò sáà kúrò níbẹ̀. Bàbá bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó nawọ́ kọjá lórí mi, ó gba káàdì náà. Ara mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀, àfi bíi pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ kúrò lórí mi.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un lọ́jọ́ náà, ó sì fi ojú ara rẹ̀ ka Bíbélì títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ohun tí mo mú lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ń lànà fún gbogbo ayé nílò ẹni tí yóò dúró fún òun náà. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé bí màmá náà ṣe yíjú padà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a gba káàdì yẹn, nígbà tí àwọn dókítà rí iye ènìyàn tó kù sílẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò fi àárọ̀ ọjọ́ kejì kún un. Láàárọ̀ náà, mo fi bàbá sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo lọ dúró ṣáájú gbogbo èrò lẹ́nu géètì. Nígbà tí màmá aláṣọ aláró dé, mo fà á lọ́wọ́, mo fi í síbi tí mo dúró sí, mo sì lọ pọn omi mímu fún bàbá.