Ẹja Tí Ẹnu Rẹ̀ Kún

Etí adágún odò Màláwì ni mo wà nígbà tí àbúrò mi obìnrin pè mí láti Isolo-Opin pé Yèyé kò jẹun mọ́. Yèyé ni à ń pe ìyá wa. Àbúrò mi ní àwọn ti gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Osi, dókítà kò rí àìsàn kankan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní òun ti yó, á sì kọjú sí ògiri. Èmi náà ti di ìyá àgbà o, síbẹ̀ àyà mi já bíi ti ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà.

Ọmọ wíwẹ̀ ló gbé mi dé ibẹ̀. Ọmọkùnrin mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ bímọ, wọ́n ní kí n wá. Ta ló ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wẹ ọmọ? Mo dé ibẹ̀, kò sí ọṣẹ dúdú, kò sí iyán, ìyàwó ọmọ mi sì ń sọ pé omi tí mo fẹ́ fi wẹ ọmọ ti gbóná jù. Èmi tí mo fi irú omi bẹ́ẹ̀ wẹ ọkọ rẹ̀! Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń gbé ìbínú mi lọ sétí omi.

Adágún yẹn, ojú kò tó òdìkejì rẹ̀. Ó ń ru bí òkun, bẹ́ẹ̀ kò níyọ̀, ó sì mọ́ débi pé mo lè jókòó sórí àpáta kí n máa wo òkúta ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wo ìdí abọ́. Àárín àwọn òkúta wọ̀nyẹn ni ẹja ń gbé: aláwọ̀ aró, aláwọ̀ òféèfèé, onílà tóóró-tóóró. Wọ́n ń fi ẹnu họ nǹkan yíyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara òkúta jẹ. Ọmọ mi ní ìbátan epìyà ilé wa ni wọ́n. Kò tiẹ̀ yẹ kó sọ ọ́, ẹnu wọn jọra. Olúkúlùkù ló ní ihò òkúta tirẹ̀, bí aládùúgbò bá sì yà síbẹ̀, ìjà ààlà oko nìyẹn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọ̀ ẹja inú òkúta kan yàtọ̀ sí ti òkúta kejì, bẹ́ẹ̀ iyanrìn díẹ̀ ló pààlà láàrin wọn. Ẹja òkúta kì í fẹ́ la iyanrìn kọjá, torí ibẹ̀ tẹ́jú, kò síbi ìsápamọ́ sí. Mo sọ fún ọmọ mi pé kì í ṣe tuntun létí mi. Nílé wa lọ́hùn-ún, ṣé ìlú Odo-Owa jìnnà sí Osi ni? Ẹ jẹ́ kí obìnrin Odo-Owa lanu béèrè omi, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ará Osi.

Ọ̀sán ọjọ́ tí àbúrò mi pè, orí àpáta náà ni mo padà sí, ọmọ mi sì tẹ̀ lé mi. Mo rí abo ẹja kan, àwọn ọmọ rẹ̀ wínníwínní ń wẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òjìji mi bọ́ sójú omi, ẹja náà lanu, gbogbo ọmọ sì sáré wọlé. Mo pariwo, “Ẹnu rẹ̀ kún!”

Isolo-Opin ni mo ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Odò wa kò tó nǹkan, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ó máa ń já sí kòtò-kòtò láàrin àpáta. Àwọn obìnrin á fi ẹrẹ̀ sé ẹnu kòtò kan, a ó fi igbá gbọ́n omi rẹ̀ títí ìsàlẹ̀ á fi hàn, a ó wá máa ṣa ẹja. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú epìyà gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá kún fọ́mọ, á gbé e lọ sí kòtò tó ṣì lómi. Ọba pàápàá kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́.

Ọdún tí bàbá wa kú, òjò pẹ́, iṣu tán nílé. A gbọ́n kòtò láti àárọ̀, epìyà ńlá kan ṣoṣo la rí, èmi ni mo sì mú un. Inú mi dùn débi pé mi ò kàn án wò. Yèyé gbà á lọ́wọ́ mi, ó kàn án. Ó ní, “Ẹnu rẹ̀ kún.” Mo yí mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sunkún bí ẹni tọ́fọ̀ ṣẹ̀. Ó bu omi sínú igbá, ó gbé ẹja náà lọ. Nírọ̀lẹ́ a fi ata lásán jẹ ẹ̀kọ. A bi Yèyé pé tirẹ̀ ńkọ́, ó ní, “Mo ti jẹun lóko.” Lójoojúmọ́ títí iṣu tuntun fi jáde ló ń sọ bẹ́ẹ̀, a sì gbà á gbọ́. Kí ló wà lóko nígbà náà tí ènìyàn lè jẹ? Ebè lásán ni.

Mo ròyìn èyí fún ọmọ mi lórí àpáta. Ó ní, “Mọ́mì, ẹja yìí kì í jẹun o. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ bá fi wà lẹ́nu rẹ̀, kì í jẹun.”

Mo pe àbúrò mi padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní, “Ta ló ń bá yín gbé nílé báyìí?” Ó ní àwọn ọmọ-ọmọ òun ni, pé nǹkan le fún òbí wọn ní Ilorin, wọ́n kó wọn wá. Mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe àìsàn ló ń ṣe Yèyé.

Mo fi omi gbígbóná sílẹ̀ fún onílé, mo wálé. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Bọ́ọ̀sì gbé mi dé Osi, ọ̀kadà méjì ló kó èmi àti iṣu àti ìrẹsì dé Isolo-Opin. Kí n tó jókòó, mo to iṣu náà síbi tí Yèyé ti lè rí i láti orí ẹní rẹ̀. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára iṣu yẹn. Mo po ògì, mo gbé ṣíbí sún mọ́ ọn lẹ́nu.

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n ti jẹ, Yèyé. Wọ́n yó.”

“Ùwọ ńkọ́?”

Láti Ilorin, nǹkan kan kò kan ẹnu mi. Mi ò mọ ohun tó gbé e sí mi lẹ́nu. Mo ní, “Mo ti jẹun lóko.”

Yèyé wò mí títí. Ó na ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò kan abẹ́ àgbọ̀n mi, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu.

“Urọ́ ni,” ó ní. “Gbé ṣíbí kejì wá.”