Omi Tó Ṣàn Lábẹ́ Ojú

Lọ́jọ́ kan, Onísùúrù kánjú lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń ya àwòrán obìnrin kan, ẹyinjú rẹ̀ ò tíì gbẹ lórí bébà tó fi gbé búrọ́ọ̀ṣì tútù lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ni àwọ̀ ojú bá ṣàn wá sísàlẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọ̀dà ni Onísùúrù fi ń yàwòrán, kó lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ọ̀dà ṣe é kùn bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Àwọ̀ olómi ò mọ nǹkan í bò. Ibi tó bá wu omi ló ń gbé e lọ, bébà tí a ò sì fọwọ́ kàn ni ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Onísùúrù, obìnrin ayàwòrán yìí, fi máa ń káwọ́ lẹ́rán, tí yóò máa wo bébà bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tó sùn, títí yóò fi gbẹ. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ló ń yà lọ́jọ́ náà, obìnrin tí ojú rẹ̀ le bí òkúta. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, ló bẹ Onísùúrù níṣẹ́ náà. Dókítà ti sọ fún ọkọ náà pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, kò ní ríran mọ́.

“Bàbá wọn, èmi rèé níwájú yín, kí lẹ fẹ́ fi bébà ṣe?” ni ìyàwó bi í.

“Bí mo bá ti ń wò ọ́, wàá le ojú mọ́ mi. Bébà ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.”

Nígbà tí ọ̀gá rí omi tó ṣàn náà, ó nawọ́. “Gbé e wá kí n fà á ya. Èmi kì í sunkún.”

“Ẹ má bínú, Mà. Ọwọ́ mi ló yá jù.”

Káfíńtà ti gbà á. Ó gbé e súnmọ́ ojú títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bébà. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Ọjọ́ tí àkọ́bí wa kú, o kọjú sí ògiri, o sunkún. Èmi nìkan ni mo rí ọ. Ta ló sọ fún ayàwòrán yìí?”

Ọ̀gá rọra ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Onísùúrù. Odindi wákàtí méjì ló fi wo ojú yẹn, líle rẹ̀ nìkan ló rí. Omi ló rí èyí tó kù. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Káfíńtà gbé àwòrán náà lọ sílé, ó ń wò ó lójoojúmọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ ọn lójú. Láti ìgbà náà, nínú gbogbo ojú tí Onísùúrù bá yà, ibì kan wà tí kì í dúró kó gbẹ.

Ìgbà tí a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, ó ń gbé yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò, ó sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.