Àwọn Tí Yóò Wẹ̀ Mí

Dókítà ya àwòrán ikùn mi sórí bébà, ó sì fi bíírò fa ìlà láti abẹ́ ìdodo lọ sókè sí àyà. Ó ní ọ̀rá àti awọ ikùn mi ni àwọn yóò gé, tí àwọn yóò fi mọ ọmú mìíràn sí apá òsì, níbi tí wọ́n ti gé èyí tí jẹjẹrẹ bà jẹ́ kúrò. Yóò jọ ọmú lójú, ṣùgbọ́n mi ò ní mọ̀ ọ́n lára bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Ó fún mi ní oṣù kan kí n lọ rò ó. Bí mo ṣe fẹ́ jáde ló bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ gan-an?"

Mo ní nítorí kí aṣọ lè dúró dáadáa lára mi ni. Irọ́ funfun báláú ni mo pa fún un.

Opó ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, abọ́ àti ìkòkò ni mò ń tà lọ́jà Ìkàrẹ́. Kò sí ọkùnrin tí mo fẹ́ fi ọmú hàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí mo sọ àìsàn náà fún, kò fi bò fún mi: "Ta ló fẹ́ wò ó?" Mo mọ àwọn tí yóò wò ó.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wà lára àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́sáláásí àdúgbò wa. Bí obìnrin bá kú, àwa mẹ́ta nìkan la ń wọlé tì í. A ó ti ilẹ̀kùn, a ó fi aṣọ bo ìhòòhò rẹ̀, ọ̀kan á máa da omi, ọ̀kan á máa wẹ̀ ẹ́, ọ̀kan á máa yí i. Òfin kan wà tí ààfáà kì í yé tún sọ fún wa: ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí lára òkú, inú yàrá yẹn ni kó parí sí. Òkú ò lè fọwọ́ bo ara rẹ̀.

Mo mọ òfin yìí bí ẹní mowó, mo sì rú u.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pè wá sí Ìwàrò-Ọ̀kà, torí àwọn tiwọn ò sí nílé. Ìyàwó awakọ̀ kan ló kú. Bí a ṣe ṣí aṣọ láyà rẹ̀, ọmú kan ṣoṣo la rí. Fóòmù ló fi dí àyè èkejì nínú kọ́mú. A wẹ̀ ẹ́, a dì í láṣọ, wọ́n sin ín. Lọ́jọ́ ọjà, èmi àti obìnrin tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń tàkúrọ̀sọ, ni mo bá ní, "Ohun tójú ń rí nílé òkú! Obìnrin kan ní Ọ̀kà, ọmú kan ṣoṣo ló wà láyà rẹ̀." Mo kàn fẹ́ kó yà á lẹ́nu ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ ti padà dé Ọ̀kà ní àwọ̀ mìíràn: wọ́n ní ọkọ ló gé ọmú ìyàwó rẹ̀ fi ṣoògùn. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ dáná sun mọ́tò rẹ̀, ọkùnrin náà sì kó kúrò nílùú. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo jókòó ti abọ́ mi, mi ò la ẹnu sọ pé irọ́ ni. Ojo ni mí.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kókó yọ láyà èmi náà. Wọ́n gé ọmú kúrò, wọ́n fa oògùn sí mi lára títí irun mi fi re. Mo sọ fáwọn ará ọjà pé iju inú ilé ọmọ ni wọ́n yọ fún mi. Mo sọ fún àwọn tá a jọ ń wẹ òkú pé ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò lè ṣe é mọ́. Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, tó ń tẹ ìwé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkùngbá, irọ́ iju náà ni mo pa fún un. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo forí kanlẹ̀ nínú ìrun, fóòmù inú kọ́mú mi yọ́ lọ sí abíyá. Bí mo ṣe gbórí sókè, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń wò mí, ó sì yára wo ibòmíràn. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Mo bi ààfáà bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni, mo díbọ́n pé ẹlòmíràn ni mò ń bèèrè fún. Ó ní ohun tí àìsàn bà jẹ́, títún un ṣe kì í ṣe yíyí ìṣẹ̀dá Ọlọ́run padà. Kò sí ohun tó dí mi lọ́wọ́ mọ́. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí mo bá gbé bébà ìyọ̀ǹda iṣẹ́ abẹ tí mo fẹ́ fọwọ́ sí, ìyàwó awakọ̀ yẹn ni mò ń rí.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù pé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìwàrò-Ọ̀kà. Mo bá ọmọbìnrin olóògbé náà, tí kò bá bàbá rẹ̀ kó lọ, lẹ́yìn ilé wọn, ó ń sá láfún lórí àpáta.

Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo tú àṣírí ìyá yín."

Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú yín ni. Ẹ̀yin mẹ́ta péré lẹ wọlé."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ dìde, mà," ó ní. "Ẹ má fi ìkúnlẹ̀ yín kó bá mi."

Mo dìde. Mo sọ fún un pé irú àìsàn náà ti mú mi, pé wọ́n fẹ́ mọ ọmú mìíràn fún mi. Ó wá wò mí.

"Ọmọ yín mọ̀?"

"Rárá."

"Èmi náà ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí màmá mi fi ṣàìsàn, èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, wọn ò jẹ́ kí n bọ́ kọ́mú yẹn rí. Nílé ẹ̀rọ tí mo ti fẹ́ lọ ẹ̀gẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí mi ò mọ̀ rí."

Mo ní kó forí jì mí. Ó ń fọwọ́ tú láfún ká.

"Ọlọ́run á forí jì yín. Èmi ṣì ń bínú."

Kò sìn mí dé ojú ọ̀nà. Mo sunkún lórí ọ̀kadà débi pé ọlọ́kadà bi mí bóyá ilé òkú ni mo ti ń bọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo pe dókítà pé mi ò ṣe é mọ́. Iṣẹ́ abẹ náà kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó ṣe é, kó sì gbádùn rẹ̀. Èmi ò kàn fẹ́ kí wọ́n la ikùn mi torí ẹnu èèyàn, nígbà tí ọmọ mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo ní kí ọmọ mi wá. Lọ́jọ́ Sátidé tó dé, mo mú un wọ balùwẹ̀, mo bọ́ bùbá, mo bọ́ kọ́mú, fóòmù jábọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ìwọ ni kó o wẹ̀ mí." Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Mo fi kànìnkànìn lé e lọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ: apá ọ̀tún la kọ́kọ́ ń wẹ̀, òsì ló tẹ̀ lé e. Ó wẹ ọ̀tún. Nígbà tó dé òsì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àpá náà, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

Mo ní, "Máa wẹ̀ ẹ́ lọ."