Ìkòkò Tí A Fọ̀ Kílẹ̀ Tó Mọ́

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ìyá mi bá pa òwe yìí láàárọ̀, á tún pa á nírọ̀lẹ́, bí ẹni pé mo ti gbàgbé rẹ̀ láàárín méjèèjì. Nínú ilé wa ní Ifangni, omi tó ń dà síwájú pọ̀ débi pé ilẹ̀ náà kò tutù lásán mọ́, ó ti ń yọ̀.

Èmi àti òun nìkan ló wà nínú ilé nígbà náà. Bàbá mi ti kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Kútọnu. Bí ọdún bá dé, wọ́n á wá, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ. Èèyàn méjì péré, àmọ́ òfin ilé wa pọ̀ ju ti ilé tí èrò kún lọ. A kì í jẹ́ kí ìkòkò tutù ká tó fọ̀ ọ́, torí ìyá mi ní ìkòkò gbígbóná kì í bá èèyàn jà. A kì í ti ẹ̀yìnkùlé wọlé lọ́wọ́ òfo. Bó o bá lọ tọ̀, kó o mú igi ìdáná kan bọ̀. Ẹni tó bá fa omi tó fẹ́ fi wẹ̀ gbọ́dọ̀ fa ti inú àgbá mọ́ ọn. Ẹ̀wà ọ̀la, ìrọ̀lẹ́ òní la ti ń rẹ ẹ́, tí a sì ń bó o. Aṣọ tó bá gbẹ, ìdí okùn níbẹ̀ la ti ń ká a. "Iṣẹ́ kékeré ni gbogbo ẹ̀," ni ìyá mi máa ń wí. "Ṣe é báyìí, kó má baà dààmú ẹ lọ́la."

Òótọ́ ni, kò dààmú mi lọ́la. Ohun tí n kò rí ni ìsinmi tí a ní torí rẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Bí a bá parí iṣẹ́ ọ̀la lónìí, ìyá mi á rí i pé ọ̀la ti ṣófo, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀túnla. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé àkókò tí a ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí, inú ìkòkò wo ló kó o sí, kí n lọ bu díẹ̀ níbẹ̀ fi sùn. Ó ní kí n lọ dojú ìkòkò náà dé, kí eruku má baà wọ̀ ọ́.

Ọdún tí mo sọ fún un pé mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà wá le sí i. Ìyá mi kò tilẹ̀ dúró de àkùkọ mọ́. Kí n tó lajú, ó ti gbálẹ̀, àgbá ti kún, ìkòkò ti wà ní ìdojúdé, ògì ti ń hó lórí iná. Ohun tó kù fún mi ni kí n gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n na ẹsẹ̀, kí n máa wo àwòrán aṣọ lórí fóònù títí di ìgbà tí màá lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, torí aṣọ ni mo ń rán. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni kò jẹ́ kí ìyá mi rí oorun sùn. Mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọjọ́ ogbó.

Ọmọ Tchaada, ìlú ìtòsí wa, ni ọkùnrin tí mò ń sọ yìí. Ó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá ibi tí àwọn mọ́tò ti ń kó èrò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé nítorí ìkòkò nìkan ni mo ṣe bínú tó bí mo ṣe bínú lẹ́yìn náà.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé la tún ń wò ká tó tọrọ ìyàwó. Kí ẹbí ọkọ tó rán ẹnikẹ́ni wá, obìnrin àgbà kan nínú wọn á kọ́kọ́ dìde wá fúnra rẹ̀, láìsọ fún ẹnì kankan, ní kùtùkùtù, torí àárọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọwọ́ ọmọbìnrin. Á ṣe bí ẹni tó ṣìnà, tàbí bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Gbogbo ayé ló mọ ohun tó bá wá, gbogbo ayé á sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkùnrin náà ni wọ́n rán sí wa, òun tí gbogbo wọn ń pè ní Tantí. Òùngbẹ ni tirẹ̀. Mo dìde lórí àga mi, mo bu omi, mo tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ gbé e fún un. Kò tíì mu ún tó fi wo ilẹ̀, tó wo ìdí àdògán, tó wá wo àga tí mo dìde lórí rẹ̀.

"Ẹ kú ìsinmi o," ó ní.

"Ẹ ṣé, Màmá."

"Ilẹ̀ yìí mọ́. Ta ló gbá a?"

"Màmá mi ni."

"Ta ló fọ ìkòkò?"

Kí ni kí n sọ? Irọ́ kò dára níwájú ẹni tó fẹ́ di àna ẹni. "Màmá mi náà ni."

"Vraiment? Òótọ́ ni?" ni Tantí wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àfi bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá mi: ìgbà náà gan-an ló yọ láti ẹ̀yìnkùlé, tó ru igi, tó ń làágùn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọkùnrin mi pè mí. Ó ní Tantí ti sọ fún ẹbí pé ọmọ náà rẹwà, ó lẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ìyá rẹ̀ ló ń ṣe ẹrú fún un, àwọn kò sì ní àyè ọmọge tó ń na ẹsẹ̀ láàárọ̀. Ó ní òun ti bẹ̀ ẹ́ títí. Tantí gbà láti tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọjọ́ ọjà. "Tó bá tún bá ẹ lórí ìjókòó," ó ní, "c'est fini. Wọn ò ní rán ẹnikẹ́ni wá mọ́."

Mo já lu ìyá mi.

"Màmá, ẹ ti fi ìmọ́tótó ba ayé mi jẹ́!"

"Ilé tó mọ́ báyìí? Kí ló tún ń wá?"

"Ìdọ̀tí ló ń wá! Ìdọ̀tí tí èmi máa gbá lójú ẹ̀!"

Ó pẹ́ kó tó gbà. Nígbà tó yá, a fẹnu kò pé ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, a ò ní fọ nǹkan kan, a ò sì ní fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. A jẹun tán. Ìyá mi ń wo ìkòkò ọbẹ̀ bí ìyá tí wọ́n ní kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sun ìta.

"Ó kéré tán, jẹ́ kí n bomi sí i."

"Ẹ má bomi sí i."

"Ó máa gan mọ́ ọn."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Màmá."

Mo sùn fọkàn balẹ̀. Ohun tó jí mi ni híha-híha kànrìnkàn lára irin. Mo sáré jáde. Ìkòkò ti wà ní ìdojúdé. Ojú ìgbálẹ̀ hàn ketekete lórí ilẹ̀. Ìyá mi dúró láàárín, ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi, kò lè wò mí lójú.

"Mo kàn ní kí n bomi sí i ni," ó ní.

N kò lè kọ ohun tí mo sọ fún un síbí. Ó wo ilẹ̀ mímọ́ náà, ó wo òkè, ó wá lọ gbé ọ̀pá gígùn tí a fi ń já máńgòrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu igi máńgòrò iwájú ilé. Kò sí èso kankan lórí rẹ̀ lásìkò yẹn. Ewé ló ń wá. Èmi náà bu eérú sínú ìkòkò tó mọ́, mo fi ra á nínú àti lóde, mo jókòó tì í, mo ń fọ̀ ọ́. Bí ará ọ̀nà bá rí wa, á rò pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí orí wa.

Mo gbọ́ tí alùpùpù dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Mo tẹra mọ́ híha. Ṣùgbọ́n Tantí kò wá sọ́dọ̀ mi. Ó dúró, ó ń wo ìyá mi, tí kò gbọ́ nítorí ariwo ewé. Gèlè rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ó ń fo sókè, ó ń lu ẹ̀ka tí ọ̀pá kò tó.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Tantí wí, "kí ni igi yìí ṣe fún yín?"

Ìyá mi yíjú. Tantí wò mí, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú ìkòkò. "Eérú nìkan nìyí. Kò sí ọbẹ̀ níbẹ̀."

Mo mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn.

Ìyá mi ju ọ̀pá sílẹ̀. "Ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ," ó ní. "Èmi ni mi ò jẹ́ kó ríṣẹ́ ṣe. Látìgbà tó ti ní òun máa lọ sílé ọkọ ni mo ti ń jí ṣáájú ẹ̀. Omi, igi, ilẹ̀, mò ń dá gbogbo ẹ̀ ṣe, kí n lè mọ̀ bóyá màá lè dá a ṣe. Kó ti mọ́ mi lára kó tó lọ." Ó nu ojú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó tutù. "Kò tíì mọ́ mi lára."

Mo sunkún, n kò fi pamọ́, eérú sì wà lọ́wọ́ mi.

Tantí gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ewé náà jọ. Ìyá mi fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ni Tantí wí.

Ó jókòó. N kò rí i kó jókòó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ rí. Tantí gbá ewé dé ìdí igi, ó kó o dànù, ó sì na ẹ̀yìn.

"Bon. Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo yìí, ṣé kí àwọn èèyàn wa máa bọ̀ wá tọrọ rẹ̀?"

Mo wo ìyá mi, ẹni tó máa ń rẹ ẹ̀wà ọ̀la lónìí. Ó ń fi ọwọ́ nu ìró rẹ̀, ó ń nu ún ṣáá.

"Ẹ jẹ́ kó di ìkórè ọdún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "A ò tíì múra rárá."